Ẹrù Tí A Kò Mọ̀ Pé Ó Wúwo

Àwa mẹ́rin la dáwó ra kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Sheffield là ń gbé, ní ilẹ̀ England, ìlú tó kún fún òkè débi pé ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ lọ ra búrẹ́dì á ti làágùn kó tó padà délé. Kẹ̀kẹ́ oníná ni, irú èyí tí wọ́n ń gùn lórí òkè àti nínú igbó. Àlòkù ni, nítorí pé owó tuntun rẹ̀ tó ohun téèyàn lè fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù níbí. Mẹ́ta nínú wa ń kọ sọ́fítíwíà. Ẹnì kẹrin wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, orúnkún ọ̀tún wọn sì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu tipẹ́. Ká sòótọ́, nítorí tiwọn la ṣe ní kó jẹ́ kẹ̀kẹ́ oníná. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ nínú oṣù. Àdéhùn wa ò sì ju ẹyọ kan lọ: ohun tó bá bàjẹ́, a ó jọ tún un ṣe.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún kan kí ohun tó máa dán àdéhùn yẹn wò tó dé. Ní ọjọ́ Sátidé kan, gbogbo wa lọ sí Lady Cannings Plantation, igbó kan létí ìlú, ní ẹ̀gbẹ́ Peak District. Àwa mẹ́ta háyà kẹ̀kẹ́, Ẹ̀gbọ́n gun tiwa. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, a ti yọ ṣéènì ògbólógbòó, a ti fi tuntun sí i, inú wa sì ń dùn pé a mọ nǹkan wa í tọ́jú. Ibì kan wà tí ọ̀nà ti tẹ́jú díẹ̀ kó tó tún gòkè láàárín àwọn òkúta. Ẹ̀gbọ́n yí jíà sí àárín, wọ́n dìde dúró lórí pẹ́dà, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ṣéènì fò lórí eyín irin ẹ̀yìn, pẹ́dà yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ni wọ́n bá lulẹ̀ gbì. Orúnkún ọ̀tún yẹn gan-an ni wọ́n fi balẹ̀.

Kò kán, a dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi lè lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ á mọ̀ pé orúnkún kì í ṣe ohun eré fún wọn.

A gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ bá atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní ṣéènì tuntun kò lè bá eyín tó ti jẹ ṣiṣẹ́. Gbogbo irin eléyín ẹ̀yìn ní láti lọ, èyí tó wà níwájú náà ní láti lọ, ṣéènì mìíràn sì ni ká fi sí i. Pẹ̀lú owó iṣẹ́, pọ́n-ùn 230.

Orí owó yìí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, lórí WhatsApp bí ìjà òde òní. Ẹni tó kéré jù nínú wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́: "Kí ẹni tó gùn ún jù san jù." Ó dà bí ọ̀rọ̀ òdodo, àbí? Àwa tí a ń kọ sọ́fítíwíà sì fẹ́ràn nọ́ńbà ju oúnjẹ lọ. A ṣí àkọsílẹ̀ inú app, a ka kìlómítà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti gùn, a to gbogbo rẹ̀ sínú táblì. Tẹ́ ẹ bá pín kìlómítà náà sọ́nà márùn-ún, Ẹ̀gbọ́n nìkan ló gun méjì níbẹ̀. Àti pé Turbo ni wọ́n máa ń fi í sí nígbà gbogbo, ìyẹn ipò tí ẹ́ńjìnnì ti ń ranni lọ́wọ́ jù. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Data kì í parọ́."

Ẹ̀gbọ́n ka gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi dáhùn ò ju gbólóhùn méjì lọ: "Mo ti rí i. Ẹ ṣeun." Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ àgbà Yorùbá, ẹ mọ bí "ẹ ṣeun" yẹn ṣe wúwo tó.

Nígbà tí a padà lọ gba kẹ̀kẹ́, atúnkẹ̀kẹ́ṣe ti kó àwọn irin àtijọ́ sínú àpótí kékeré kan fún wa. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì jáde, ìyẹn àkójọ irin eléyín 12 tó wà lára táyà ẹ̀yìn, láti orí èyí tó kéré jù títí dórí èyí tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun. Ó fi ìka kan àwọn kékeré àti àwọn àárín. Eyín wọn ti tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ti mú ṣóńṣó, wọ́n sì ti tẹ̀ sí apá kan. Ó wá fi ìka kan àwọn ńláńlá. Wọ́n ṣì dára. Ó bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan tó pa wá lẹ́nu mọ́: "Nínú yín, ta ló máa ń fi jíà kékeré gòkè?"

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí kẹ̀kẹ́ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní àárín, níbi tí pẹ́dà méjèèjì ti pàdé. Ṣéènì tí ẹsẹ̀ ń fà náà ni ẹ́ńjìnnì ń fà. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní agbára rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 250 lọ tó bá ń ṣiṣẹ́ láìdúró, kò gbọ́dọ̀ ti èèyàn kọjá máìlì 15.5 ní wákàtí kan, ẹni tó bá gùn ún sì gbọ́dọ̀ máa wa ẹsẹ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa, pé kí ẹlẹ́rù kọ́kọ́ gbé e ká tó bá a gbé e. Ó ń wo bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe tẹ̀ tó, ó sì ń fi ìlọ́po rẹ̀ kún un. Bí o bá rọra tẹ̀, òun náà á rọra. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, òun náà á fa kíkankíkan.

Ẹ́ńjìnnì tiwa, Bosch Performance Line CX, lè fún pẹ́dà ní agbára ìyí 85 newton-mítà. Irin iwájú wa ní eyín 34. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá lo gbogbo agbára rẹ̀, òun nìkan ń fa ṣéènì bí ẹni pé ẹrù kílò 126 rọ̀ mọ́ ọn. Àpò sìmẹ́ǹtì méjì àbọ̀ nìyẹn, a ò sì tíì ka ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún mọ́ ọn.

Jíà ló ń pinnu bí ẹrù yẹn ṣe máa wúwo tó. Agbára kan náà lèèyàn lè fi gun òkè ní ọ̀nà méjì. Ó lè lo irin ńlá lẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yí kíákíá, ká ní ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú kan. Ó sì lè lo irin kékeré, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní 40. Ẹni tó ń yí i ní 40 ń fa ṣéènì ní ìlọ́po méjì ẹni tó ń yí i ní 80, bó tiẹ̀ jẹ́ pé agbára kan náà ni wọ́n lò. Lékè rẹ̀, irin kékeré ò ní eyín púpọ̀, nítorí náà eyín díẹ̀ ló ń pín ẹrù tó pọ̀ jù. Tún wá fi iyanrìn Peak District kún un. Òkúta tí wọ́n ń pè ní gritstone ló pọ̀ níbẹ̀. Iyanrìn rẹ̀ á pò mọ́ ọ́ìlì ara ṣéènì, á wá máa ha irin bí ìgbà tí káfíńtà bá ń fi sáńpépà ha pákó.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ṣéènì "ti fà". Irin yẹn ò fà bíi rọ́bà o. Àwọn píìnì kéékèèké tó so ó pọ̀ ló ń jẹ, àlàfo tín-ín-rín á wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn á sì para pọ̀. Láti píìnì kan sí èkejì jẹ́ ìdajì ínǹṣì, nítorí náà 24 irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ínǹṣì 12 géérégé. Bó bá ti fi bíi mìlímítà kan àbọ̀ lé, ṣéènì irú tiwa ti tó pààrọ̀. Mìlímítà kan àbọ̀ péré! Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ṣéènì náà ò ní jókòó dáadáa lórí eyín mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eyín náà. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tí àwa pààrọ̀ ṣéènì wa, imú ẹlẹ́dẹ̀ ti wọgbà tán.

A pinnu láti dán ara wa wò. Ní ọjọ́ kan tí Ẹ̀gbọ́n ti lè gun kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, a wá òkè kan lójú títì, ẹnì kọ̀ọ̀kan gùn ún lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù dúró wò ó. Kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀: iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń yí ní ìṣẹ́jú kan wà lójú skírìnì kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n fi í sí Turbo bí ìṣe wọn. Wọ́n ti yí jíà sórí irin ńlá kí wọ́n tó débi òkè, ẹsẹ̀ wọn sì ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, 78. Orúnkún wọn ti kọ́ wọn pé ẹni tó bá tẹ pẹ́dà lágbára máa jìyà rẹ̀ lálẹ́. Ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má tẹ nǹkan kan, ẹ́ńjìnnì náà sì ń rọra tẹ̀ lé wọn. Ẹ wá wo ẹni tó kéré jù nínú wa, eléré bọ́ọ̀lù, itan bí ọ̀pó ilé. "Èmi kì í lo Turbo o," ló máa ń wí, bátìrì ló ní òun ń ṣọ́. Irin kékeré ló fi gòkè, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. 46. Àwa méjì tó kù? 52 àti 55. A ò sàn jù ú lọ.

Ṣé ẹ rí nǹkan tó ṣẹlẹ̀? Ẹni tó gba ìrànlọ́wọ́ jù ló ṣe jẹ́jẹ́ jù. Àwa tí a ń ka ara wa sí alágbára la jẹ irin náà run. Táblì wa ka kìlómítà nítorí pé kìlómítà ni app mọ̀ ọ́n kà. Ohun tó rọrùn láti wọ̀n la wọ̀n, a sì pè é ní òdodo. Data ò parọ́ lóòótọ́. Àwa la bi í ní ìbéèrè tí kò yẹ.

A ti ronú púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà yẹn. Lórí kẹ̀kẹ́ lásán, jíà tí kò tọ́ kì í fara pa mọ́. Itan á gbóná, èémí á kúrú, orúnkún á ké. Ara fúnra rẹ̀ á sọ pé "yí jíà", èèyàn á sì yí i, láìjẹ́ pé ó ro nǹkan kan nípa ṣéènì. Ìnira tiwa ló ń dáàbò bo irin láti ọjọ́ yìí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dé, ó mú ìnira náà kúrò lára wa. Ẹrù náà ò lọ síbì kankan. Ó kúrò lórí ẹni tó lè ké, ó bọ́ sórí ohun tí kò lè ké. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìbéèrè tó wá kù ni pé ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ìpalára téèyàn ò mọ̀ lára? A kọ́kọ́ gbèjà ara wa pé a ò mọ̀. Lóòótọ́, a ò mọ̀. Àmọ́ nọ́ńbà yẹn wà lójú skírìnì láti ọjọ́ kìíní tí a ti ra kẹ̀kẹ́ náà. Irin kékeré tí wọ́n fi ń wọn ṣéènì ò tó pọ́n-ùn mẹ́wàá. A ò wò, nítorí pé kò sí ohun tó ń dùn wá. Lójú tiwa, àìmọ̀ ẹni tí kò ní ọ̀nà láti mọ̀ yàtọ̀ sí àìmọ̀ ẹni tí ara ti rọ̀ débi tí kò fi bèèrè. Ti èkejì yẹn ní ẹ̀bi nínú.

Àwọn kan á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, irin lásán ni. Torí ká lò ó gbó la ṣe rà á." Òótọ́ ni, ṣéènì ò ní ẹ̀mí, a ò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àmọ́ irin yẹn kì í dá gbó. Lẹ́yìn ṣéènì ni kásẹ́ẹ̀tì wà, lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì ni owó àjọdá wà, lẹ́yìn owó ni orúnkún Ẹ̀gbọ́n wà. Ìyà ẹrù tí a dì mọ́ irin lórí bọ́ sórí èèyàn níkẹyìn. Ẹni tó bá sì ṣọ́ra jù nínú wa ló bọ́ sí lórí. A rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí: ohun tí kò lè ké á gbà á, á gbà á, títí ọjọ́ tí kò ní lè gbà á mọ́, ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló máa ṣubú, ì báà ṣe aláìṣẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ká ra irin tó le jù. A wò ó. Àwọn tó ń ṣe irin kẹ̀kẹ́ ti mọ ìṣòro yìí tipẹ́. Ní ọdún 2016, SRAM gbé EX1 jáde fún kẹ̀kẹ́ oníná. Jíà 8 péré ló ní, nígbà tí àwọn yòókù ń sáré lọ sí 12, wọ́n sì ṣe é kó má lè yí ju jíà kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí èèyàn má bàa fi ipá já ṣéènì sí àárín. Ní ọdún 2021, Shimano mú LinkGlide wá. Eyín rẹ̀ nípọn nídìí, ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn tó ṣe é sì sọ pé yóò pẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni méjèèjì. Lọ́jọ́ tí àwọn ohun tó kù lára kẹ̀kẹ́ wa bá gbó, ó ṣeé ṣe ká ra irú rẹ̀, torí wọn ò bá ohun tó wà lára rẹ̀ nísinsìnyí mu. Àmọ́ irin tó le á kàn jẹ́ kó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa tó tú ni. Kò ní kọ́ wa ní bí a ṣe ń yí jíà.

Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ eléyìí dáadáa. Nígbà tí kóòdù bá lọ́ra, ohun tó rọrùn jù ni pé ká ra sáfà tó tóbi sí i. Ojú ìwé á tún yá, oníbàárà ò ní ráhùn mọ́, àwa náà á gbàgbé. Owó sáfà á máa gòkè lóṣooṣù. Lóru ọjọ́ kan, gbogbo rẹ̀ á wó lé ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí, ẹni tí kò sì mọ nǹkan kan nípa kóòdù náà ni.

Ó tún wà nílé. Kò sí ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin tí kò ní ẹnì kan ní Nàìjíríà tó ń bá a tọ́jú òbí. Fún ọ̀pọ̀ wa, àbúrò obìnrin ni. Àwa ń fi owó ránṣẹ́, òun ló ń gbé Màmá lọ sí ọsibítù, òun ló ń tò lórí ìlà, òun ló ń jí lóru. Láti ibí, kò sí ohun tó wúwo. Èèyàn á tẹ fóònù: "Jọ̀ọ́, bá wa gbé wọn lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́la." Ìṣẹ́jú kan péré. Nítorí pé owó ti lọ, a rò pé ẹrù ti lọ. Owó yẹn dára o. Bí Turbo Ẹ̀gbọ́n ṣe dára náà ni. Ohun tí kò dára ni pé ká máa tẹ̀ ẹ́ láìwo ẹni tí ìtẹ̀ náà ń fà. Ìgbà wo la pè é gbẹ̀yìn láti bèèrè oorun rẹ̀, tí kì í ṣe ti Màmá?

Ohun tí a rí kọ́ nìyí, kò sì tóbi. Ẹni tó gba ìrànlọ́wọ́ ò ṣẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ wà fún ẹni tó nílò rẹ̀, orúnkún Ẹ̀gbọ́n ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ìrànlọ́wọ́ bá ti mú ìrora kúrò lára wa, ojú ló máa ṣe iṣẹ́ tí ìrora ń ṣe tẹ́lẹ̀. A gbọ́dọ̀ máa wò, torí ara ò ní sọ fún wa mọ́.

Ní ti owó náà, àwa mẹ́ta lọ sílé Ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ Àìkú kan, a dọ̀bálẹ̀. A ní kí wọ́n má san kọ́bọ̀, àwa mẹ́ta á pín in. Wọn ò gbà. Wọ́n ní àdéhùn ni àdéhùn, wọ́n sì ka pọ́n-ùn 57 àti pẹ́ńsì 50 lé tábìlì, ìdá kan nínú mẹ́rin géérégé. "Ẹ gbé táblì yín yẹn kúrò lórí WhatsApp," ni wọ́n wí. "Kí ẹ sì máa yí jíà." Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìrẹsì wá.

Láti ìgbà yẹn, ẹni tí ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù bá bọ́ sí lọ́wọ́ ló máa ń nu ṣéènì, tó sì máa ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó kéré jù nínú wa ti ń yí ẹsẹ̀ ní 70, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń kùn pé ó dà bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ po ẹyin. Tí a bá jọ jáde, òun náà ló máa ń pariwo "Jíà!" kí a tó débi òkè, nígbà tí ọ̀nà ṣì tẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n ti padà síbi iṣẹ́. Wọn ò tíì gba ọ̀nà olókúta yẹn mọ́.